Ojú Àlejò Nínú Ọkọ̀ Ẹrú

Ìwé ni a fẹ́ jọ kà lónìí: ìwé nípa ọkọ̀ ojú omi, àti ìwé tí àwọn tó ti ṣe ẹrú rí fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ mi.

Mo ra ìwé kan ní Yábàá lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ àlòkù ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èèpo rẹ̀ ti ya dànù. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ títí dé ojú ewé kọkànlá, ibẹ̀ ni sùúrù rẹ̀ tán sí. Benito Cereno ni orúkọ ìwé náà, Herman Melville, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Kò nípọn, ẹni tó bá jókòó tì í lọ́sàn-án á kà á tán kó tó sùn. Mo kì í sápò, mo wọ danfó, ó di Mushin. Mo fẹ́ lọ gẹrun.

Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo sì ń kàwé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kàn mí, ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbọ́. Ó wá fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn. Aṣọ ìpolongo ìbò àtijọ́ ló gé tó fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Fọ́tò olóṣèlú kan wà lórí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, irun mi sì ń já bọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tó di ti irùngbọ̀n, ó gbé kílípà sílẹ̀, ó mú abẹ.

"Tíṣà, ìwé kí lẹ̀ ń kà tí etí yín fi di?"

Mo ní ìtàn ọ̀gákọ̀ kan ni, tí ẹrú rẹ̀ ń fá irùngbọ̀n fún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀fun mi.

"Ẹrú ló mú abẹ dání? Tí abẹ wà lọ́rùn ọ̀gá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta wá ni ọ̀gá níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè tí kò gba onígbàjámọ̀ Mushin ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀gákọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ìwé náà kò bi ara rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ náà, pẹ̀lú abẹ lọ́rùn mi.

Ọ̀gákọ̀ yìí ń jẹ́ Amasa Delano, ará Massachusetts. Ó ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní erékùṣù kan ní etíkun ilẹ̀ Chile, ó fẹ́ pọn omi. Ilẹ̀ mọ́, ó rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láìta àsíá, tó ń ṣe ségesège bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó ní àwọn yìí nílò ìrànwọ́. Ó kó ẹja sínú ọkọ̀ kékeré, ó lọ bá wọn.

Nínú ọkọ̀ náà, ènìyàn dúdú pọ̀ ju òyìnbó lọ. Gbogbo wọn figbe ta, wọ́n ń ròyìn ìjì, wọ́n ń ròyìn àìsàn tó pa àwọn òyìnbó jù. Ọ̀gákọ̀ wọn, Don Benito Cereno, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Sípéènì, ti rù kan egungun. Ó ń wúkọ́, ó ń dákú, ẹrú rẹ̀ kan tó kéré lára, tó ń jẹ́ Babo, ló ń gbé e ró. Babo kì í fi í sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣubú, ọwọ́ Babo ti wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ há ọ̀gá lọ́fun, Babo ti bá a parí rẹ̀. Delano wò ó, ó ní irú ìránṣẹ́ wo rèé! Ó tiẹ̀ ní kí Don Benito tà á fún òun.

Delano rí ohun tó pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rí àgbàlagbà mẹ́rin tí wọ́n jókòó sókè, tí wọ́n ń tú ògbólógbòó okùn sí òwú, tí wọ́n ń kùn yùnmùyùnmù. Ó rí ọkùnrin Ashanti mẹ́fà tí wọ́n ń pọ́n àáké, tí wọ́n sì ń fi ọ̀kan lu ìkejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń lu agogo. Ó rí òmìrán kan, Atufal, tí wọ́n ní ọba ni nílé rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n yí i lára po, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Ní wákàtí méjì-méjì ni yóò wá dúró síwájú Don Benito, bóyá yóò tọrọ àforíjì. Kò tọrọ rí. Lọ́rùn Don Benito ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà wà. Delano tún rí ọmọ dúdú kan tó fi ọ̀bẹ ṣá ọmọ òyìnbó lórí, tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Gbogbo rẹ̀ ló rí, gbogbo rẹ̀ náà ló sì wá àlàyé fún.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹrú ti gba ọkọ̀. Wọ́n ti pa olówó wọn, Alexandro Aranda, wọ́n ti so egungun rẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, wọ́n sì fi aṣọ ìgbòkun bò ó. Senegal ni wọ́n fẹ́ kí Don Benito wà wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n rí Delano tó ń bọ̀, Babo ló dá eré náà sílẹ̀. Òun ló pín ipa fún kálukú, ipa tó rẹlẹ̀ jù ló sì mú fún ara rẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀wọ̀n ara Atufal, ẹ̀tàn ni. Bó bá fẹ́, á gbọ̀n ọ́n dànù. Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, gan-an ì bá kan sáárá sí Babo.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé àìmọ̀ àlejò nìkan ló ń ṣe Delano. Melville kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé bí àwọn mìíràn ṣe ń fẹ́ràn ajá ni Delano ṣe fẹ́ràn ènìyàn dúdú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Kò kórìíra wọn. Ó fẹ́ràn wọn ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ajá rẹ̀, kò ní wá sí i lọ́kàn láé pé ajá ń gbìmọ̀. Nígbà tí ara bá tiẹ̀ ń fu ú, Don Benito ló ń fura sí. Ó rò pé òyìnbó ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ ja òun lólè. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ni ọ̀tẹ̀, kò sì ka ọpọlọ mọ́ ohun tí ẹrú ní.

Ibi irùngbọ̀n yẹn wá ńkọ́? Àsíá ilẹ̀ Sípéènì ni Babo yọ jáde, òun ló so mọ́ Don Benito lọ́rùn kí ọṣẹ má baà ta sí i láṣọ. Delano rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn dúdú mà fẹ́ràn aláwọ̀ mèremère o! Babo pọ́n abẹ, ó tún un pọ́n, ara Don Benito sì ń gbọ̀n. Delano wá bi í nípa ìrìn àjò wọn: báwo ni ọ̀nà tí kò jìn ṣe gbà wọ́n ní oṣù méjì? Bí Don Benito ṣe fẹ́ dáhùn, abẹ yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìfófòó ọṣẹ. Babo ní gbígbọ̀n tí ọ̀gá òun ń gbọ̀n ló fà á. Don Benito gbọ́ èdè yẹn. Delano kò gbọ́.

Onígbàjámọ̀ mi ní kí n tún ibẹ̀ sọ. Mo tún un sọ. Ó wo aṣọ ìpolongo tó so mọ́ mi lọ́rùn, kò sọ nǹkan kan, ó ń fá irùngbọ̀n mi lọ.

Ibòmíràn wà tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà sókè. Arúgbó atukọ̀ kan, òyìnbó, jókòó, ó ń ta okùn ní kókó: kókó lórí kókó, títí tí kò fi sí ẹni tó mọ ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Delano bi í pé kí ni èyí wà fún. Atukọ̀ náà ju kókó náà sí i lọ́wọ́, ó sì yọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara sọ fún un wéré pé kó tú u, kó gé e, kíá. Delano dúró. Kókó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kókó wà lórí rẹ̀. Àgbàlagbà dúdú kan wá rọra gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u wò, ó sì jù ú sómi. Ẹni tó fẹ́ pàrokò fún ọkùnrin yìí, iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ o. Àwa tí a mọ àrokò, tí a mọ ohun tí owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń wí, a mọ̀ pé kí a pa àrokò nìkan kò tó. Ó ní láti bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà pàdé.

Ìgbà tí Delano wọ ọkọ̀ kékeré rẹ̀ láti padà sínú ọkọ̀ ńlá tirẹ̀ ni Don Benito fò tẹ̀ lé e, tí Babo náà sì fò lé wọn tòun ti ọ̀bẹ. Ìgbà yẹn ni ojú Delano ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Aṣọ ìgbòkun ṣí kúrò níwájú ọkọ̀, egungun Aranda hàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà jà, wọ́n gba ọkọ̀ náà padà.

Ẹ má rò pé Melville kàn jókòó ró o. Delano wà láyé lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìrìn àjò rẹ̀ sínú ìwé ní 1817, orí kejìdínlógún ìwé náà sì ni Melville ti mú ìtàn yìí. Tryal ni orúkọ ọkọ̀ gan-an. Ní oṣù Kejìlá 1804 ni àwọn ẹrú gbà á, ní ogúnjọ́ oṣù Kejì 1805 sì ni Delano bá wọn pàdé. Melville yí ọjọ́ padà sí 1799, ó sì yí orúkọ ọkọ̀ padà sí San Dominick. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Saint-Domingue ni ilẹ̀ tí a ń pè ní Háítì lónìí, níbi tí àwọn ẹrú ti dìde ní 1791 tí wọ́n sì lé àwọn olówó wọn. Ẹni tó bá kà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà, etí rẹ̀ á ta.

Ìwé ìròyìn Putnam's Monthly ló kọ́kọ́ gbé e jáde, láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá 1855. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ku ọdún mẹ́fà. Òfin 1850 ti wà nílẹ̀ tó pàṣẹ pé ẹrú tó bá sá lọ sí apá àríwá, kí wọ́n mú un padà fún olówó rẹ̀. Baba ìyàwó Melville, Lemuel Shaw, ni adájọ́ àgbà Massachusetts. Níwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Thomas Sims, ẹrú kan tó sá, dé ní 1851, kò sì dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e padà sí oko ẹrú ní Georgia. N kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìdílé kan ń bára wọn sọ nídìí oúnjẹ lẹ́yìn irú èyí, ṣùgbọ́n n kò lè ka Benito Cereno kí n má rántí rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá Melville jà rèé. Ní ìparí ìwé, ó da ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún wa, ojú ewé lórí ojú ewé, gbogbo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ti ẹnu Don Benito jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ràn ibẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Babo kò sọ nǹkan kan. Wọ́n pa á ní Lima, wọ́n sun ara rẹ̀, wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ sórí òpó ní gbàgede ìlú. Àgbà òṣìkà ni agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Ilé ẹjọ́ Lima gbọ́ ti ẹnìkan, ó dá a. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ohun tí Melville fẹ́ kí a rí gan-an nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó fún Babo ní ọpọlọ tó ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ó sì gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a dá ìwé yìí nìkan kà. Ẹni tó bá kà á, kó gbé ìwé Frederick Douglass lé e.

Ìgbà kan náà ni Douglass àti Melville gbé ayé. Ní Maryland ni wọ́n bí Douglass, ẹrú sì ni. Ní Baltimore, ìyàwó olówó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ABD, ọkọ rẹ̀ ní kó yé ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìwé á ba ẹrú jẹ́. Ọmọ náà lọ kọ́ lẹ́tà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bí àwọn káfíńtà bá gé igi, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i lára kí wọ́n lè mọ ibi tó máa wọlé sí lára ọkọ̀: L fún òsì, S fún ọ̀tún, F fún iwájú, A fún ẹ̀yìn. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn ló kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó dàgbà, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ dídí ojú ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń fi òwú okùn ògbólógbòó ṣe. Ẹ rántí àgbàlagbà mẹ́rin tí Delano rí tí wọ́n ń tú okùn? Òwú yẹn ni. Ohun tí Delano kà sí ìran wíwò, ìyà ọwọ́ Douglass ni, owó iṣẹ́ náà sì ń lọ sápò olówó rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní 1838 ó sá lọ, ó dé New Bedford. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó kò jẹ́ kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun níbẹ̀. Ó di alábàárù àti agégi. Ìlú tó kọjú sí New Bedford lódìkejì odò ni Melville ti wọ ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán lọ sójú òkun ní oṣù Kíní 1841. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti kọjá lára ara wọn létí omi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn. Douglass gbé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1845, ó sọ gbogbo rẹ̀, àfi ohun kan: bó ṣe sá lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní bí òun bá sọ ọ́, ọ̀nà á dí mọ́ àwọn tó kù. Ó di 1881, nígbà tí kò sí ẹrú mọ́, kó tó sọ ọ́ pé aṣọ atukọ̀ lòun wọ̀, pé ìwé atukọ̀ ẹlòmíràn lòun yá, pé òun wọ rélùwéè ní ojúmọmọ. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan yìí. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta lórí pèpéle!

Ní 1853 ó wá kọ ìtàn ọkọ̀ tirẹ̀, The Heroic Slave. Ọkọ̀ Creole ló fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1841, ọkọ̀ náà ń kó ẹrú márùndínlógóje láti Virginia lọ sí ọjà New Orleans. Àwọn mọ́kàndínlógún nínú wọn dìde, Madison Washington sì ni olórí wọn. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n wà á lọ sí Nassau ní Bahamas, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òwò ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n dòmìnira níbẹ̀. Amẹ́ríkà bínú, wọ́n fà á títí di 1855, ìgbìmọ̀ sì ní kí Gẹ̀ẹ́sì san dọ́là 110,330 fún àwọn tó ní ẹrú. Ọdún tí Benito Cereno jáde nìyẹn.

Nínú ìtàn Douglass, òyìnbó kan ń kọjá lọ nínú igbó Virginia, ó gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Madison ni, ó ń ro oko ẹrú àti òmìnira. Òyìnbó náà dúró, ó gbọ́ ọ títí, láti ọjọ́ náà ló sì ti kẹ̀yìn sí òwò ẹrú. Douglass sọ ọ́ ní Listwell. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ: Tẹ́tí-Dáadáa. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò á fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Delano fi ojú wo ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò mọ nǹkan kan. Listwell kò tíì fi ara hàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Òun náà ló wá yọ́ fáìlì irin mẹ́ta sí Madison lọ́wọ́ ní Richmond, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rẹ́ irin.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín. Nígbà tí ìjà ọkọ̀ dé, Douglass náà kò gbé wa wọnú ọkọ̀. Ẹnu atukọ̀ òyìnbó kan tó wà níbẹ̀, tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ilé kọfí, ni a ti gbọ́ ọ. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: ó mọ̀ pé àwọn tó ń kà á kò ní gba ẹ̀rí ẹrú gbọ́, kí òyìnbó tó jẹ wọ́n níyà wá jẹ́rìí sí i. Ọgbọ́n ni. Síbẹ̀, inú ọkọ̀ ṣókùnkùn sí wa.

Ẹnìkan wà ní tòsí wa tó ti gbé fìtílà wọ inú rẹ̀. Mahommah Gardo Baquaqua, ọmọ Djougou ní ilẹ̀ Benin tòní, ni wọ́n tà láti Ouidah lọ sí Bràsíl. Ní 1847, ọkọ̀ tó kó kọfí gbé e dé New York, ibẹ̀ ló sì gbà bọ́ lóko ẹrú. Ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní Detroit ní 1854, ọdún kan ṣáájú ìwé Melville, ó sì sọ bí inú ọkọ̀ ẹrú ṣe rí lójú ẹni tó sùn nínú rẹ̀. Ẹ wá a kà bí ẹ bá rí i.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ìyókù àkókò wa sọ ni Àjàyí. Bẹ́ẹ̀ ni, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi bọ́ agbádá bíṣọ́ọ̀bù kúrò lọ́rùn rẹ̀ ná. Ọmọdé ni, kò tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821. Wọ́n ti fi í pààrọ̀ ẹṣin rí. Wọ́n ti tà á káàkiri. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ọ̀sà lọ sí Èkó, ẹ̀rù omi bà á débi tí kò lè jẹun. Ọ̀sà yìí náà ni o, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà máa ń jókòó sétí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti gbatẹ́gùn.

Lẹ́tà tó kọ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì 1837, ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, ni a ti mọ èyí. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìwé Douglass ni. Ó ní ní Èkó wọ́n so ọkùnrin àti ọmọdé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo tó gùn tó bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ó lé mẹ́fà, tó gba inú irin ọrùn kálukú kọjá, tí wọ́n fi àgádágodo tì lórí méjèèjì. Bí inú bá bí àgbà kan, tó fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀. Ìgbà tí ẹrú pọ̀ sí i, tí ẹ̀wọ̀n kò tó mọ́, ni wọ́n tú àwọn ọmọdé sílẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn so wọ́n lọ́tọ̀. Ó pè é ní ayọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo jáde síta. Àgádágodo Atufal, ti eré ni. Ti Àjàyí kì í ṣe eré.

Ọkọ̀ Potogí tó gbé e ń jẹ́ Esperança Feliz, tí í ṣe Ìrètí Ayọ̀ lédè wọn. Ẹrú 187 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, mú un. Ilẹ̀ mọ́, Àjàyí rí olówó rẹ̀ tòun ti àwọn atukọ̀ rẹ̀ nínú ìdè, àfi alásè tó ń se oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn ẹrú. Ọba ayé yí padà lóru kan.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sínú Myrmidon. Wọ́n wá àwọn tó ti ṣáájú wọn lọ síbẹ̀, wọn kò rí wọn. Ohun tí wọ́n rí ni ẹran tí wọ́n so kọ́, awọ rẹ̀ funfun, àti àwọn nǹkan rógódó tí wọ́n tò sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yé wọn lójú ẹsẹ̀: wọ́n ti pa àwọn ọ̀rẹ́ wa jẹ, ẹran wọn rèé, orí wọn rèé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ fi èyí wé Delano. Àwọn méjèèjì jẹ́ àlejò lórí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Àwọn méjèèjì ṣi ohun tí wọ́n rí kà. Ẹ̀rù ló ti Àjàyí ṣì í, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ti Delano. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò dúró síbẹ̀. Ó sún mọ́ ẹran náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé pátákò rẹ̀ là sí méjì. Ẹlẹ́dẹ̀ ni! Nílé wa, iná la fi ń wí irun ẹlẹ́dẹ̀, kò rí awọ rẹ̀ ní funfun rí. Ó tún rọra sún mọ́ àwọn orí yẹn, ó rí i pé irin ni. Ọta ìbọn ńlá ni wọ́n. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọdé tó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun jẹ lọ fọwọ́ kan ohun tó ń dẹ́rù bà á. Géńdé ọ̀gákọ̀ tó fi odidi ọjọ́ kan wo ẹ̀wọ̀n Atufal kò lọ fa àgádágodo náà wò bó bá tì lóòótọ́.

Lẹ́tà yìí ni mo máa ń gbé sáàárín ìwé Melville àti ti Douglass nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn, nítorí ẹni tó kọ ọ́ wà nínú ọkọ̀, ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ń rántí ibi tóun ti ṣìnà àti bóun ṣe tọ́ ọ padà. Ó sì tún sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Abigail ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ T. B. Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàrígà báyìí. Wọ́n bí Herbert Macaulay ní 1864, ọdún tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọ danfó lọ́la, tí kọ́ńdọ́ sì ń ké Herbert Macaulay sí yín létí láti Yábàá, orúkọ ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Èkó ló ń ké.

Mo ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní parí láìdé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mi padà. Ó ti fá irùngbọ̀n mi tán, ó ń fi òwú tó rẹ sínú spírítì nù mí lágbọ̀n, ó ń ta mí. Ó ní:

"Babo yẹn, kí ló wí ní kóòtù?"

Mo ní kò sọ nǹkan kan.

"Wọn ò bi í ni, àbí ó kọ̀?"

Mo mú ìwé kúrò nílẹ̀, mo ṣí i sẹ́yìn, níbi tí bírò pupa kò dé. Mo kà á fúnra mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n má baà purọ́ fún un.

"Ó kọ̀ ni," mo wí. "Wọ́n ṣe é ṣe é, kò la ẹnu."

"Ó káre."

Ó tú aṣọ lọ́rùn mi, ó gbọ̀n ọ́n sẹ́nu ọ̀nà, irun já kúrò lójú olóṣèlú. Ó ní ta ló kàn.